Orúkọ Bàbá Àìṣà

Kò sí ẹni tí kò mọ Bàbá Àìṣà ní Fọlá Agoro. Àwọn ewúrẹ́ àdúgbò pàápàá mọ̀ ọ́n. Ewúrẹ́ tí kì í yà fún mọ́tò, tí kì í yà fún ọ̀kadà, tó bá ti gbúròó bàtà Bàbá Àìṣà lókèèrè báyìí, á dìde nílẹ̀, á gbọnra, á fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Íǹkì ìtẹ̀wé ti wọ ọkùnrin náà léèékánná débi pé nígbà tí wọ́n ń wẹ òkú rẹ̀, àwọn tó wẹ̀ ẹ́ ní omi kẹta ṣì dúdú.

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ló ti kọ́ṣẹ́. Ibẹ̀ náà ló ń sùn nígbà náà, òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, lórí pákó kan ṣoṣo tí ẹnì kan kò ti lè yí ẹ̀gbẹ́ padà àfi kí gbogbo wọn jọ yí. Nígbà tó wá gbé Ràfíátù níyàwó, yàrá kan ni wọ́n gbà nínú ilé elérò púpọ̀, níbi tí ẹnì kan ti ń sín ní yàrá àkọ́kọ́, tí ẹni tó wà ní yàrá ìkẹyìn á sọ pé "pẹ̀lẹ́ o." Inú yàrá yìí ni wọ́n bí Àìṣà sí, òun nìkan náà ni Ọlọ́run fún wọn. Àìṣà dàgbà, ó lọ sílé ọkọ ní Ìbàdàn, àwọn méjèèjì ṣì wà nínú yàrá náà.

Tó bá ti rẹ Bàbá Àìṣà, á na ẹsẹ̀ lórí ẹní, á ní, "Ìyá Àìṣà, lọ́jọ́ tí mo bá kú, má jẹ́ kí wọ́n sin ẹnikẹ́ni lé mi lórí o. Mo ti bá èèyàn fún ara mọ́ra tó. Jẹ́ kí n dá sùn."

Ràfíátù á ní, "Ẹ yéé sọ̀rọ̀ ikú, ẹ jẹun."

Àfi bí ọjọ́ kan ṣe dé, tí ọkùnrin náà dìde jókòó lórí ẹní kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà, ó ní kí ìyàwó òun fún òun lómi. Kí omi tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ṣubú sẹ́yìn. Àwọn méjì péré ló wà nínú yàrá. Ràfíátù dì í mú, ó ń mì í, ó ń pè é, "Bàbá Àìṣà! Bàbá Àìṣà!" Ilé jí, àdúgbò jí. Bàbá Àìṣà kò jí.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ̀sìn ṣe wí. Kò sí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ọsibítù tó kọ ohunkóhun. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, wọ́n fi àwọn aṣọ rẹ̀ ṣe sàráà fún àwọn aláìní, láìmọ̀ pé káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wà nínú àpò bùbá kan níbẹ̀. Ẹni tó gba bùbá gba káàdì mọ́ ọn, ó bá tirẹ̀ lọ. Bóyá ó ṣì ń wọ̀ ọ́ kiri Pedro títí di òní olónìí, tí Bàbá Àìṣà ń ti inú àpò yọjú wo àwọn tó ń nájà.

Ràfíátù jókòó opó rẹ̀ pé. Kò yọ ẹsẹ̀ síta. Ìgbà tí opó tán ni ẹni tó ń ṣọ́ itẹ́ òkú ránṣẹ́ sí wọn. Ó ní ilẹ̀ tí wọ́n sin ín sí, ilẹ̀ àyágbà ni. Ó ní tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí ilẹ̀ rọ̀, àwọn máa tún ìlà ibojì yẹn gbẹ́ láti sin àwọn òkú mìíràn sí i, àyàfi òkú tí àwọn èèyàn rẹ̀ bá wá gba ojú ibojì rẹ̀ pátápátá. Àìṣà ti san ohun tó yẹ kó san. Ìwé ẹ̀rí ikú láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ló kù. Òjò sì ti ń ṣú.

Ràfíátù kọ́kọ́ lọ gba ìwé lọ́dọ̀ akọ̀wé mọ́ṣáláṣí. Ó kúnlẹ̀, ó ní ìwé Bàbá Àìṣà lòun wá gbà. Akọ̀wé náà kò mọ orúkọ mìíràn tí ọkùnrin náà ń jẹ́, ó sì ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí irun orí àwọn méjèèjì ṣì dúdú. Bí ó ṣe gbọ́ ọ náà ló ṣe kọ ọ́. Pẹ̀lú ìwé yìí ni Ràfíátù àti Àìṣà, tó ti Ìbàdàn dé, ṣe lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ òkú sílẹ̀.

Fáànù ọ́fíìsì náà ń yí jẹ́jẹ́ débi pé eṣinṣin kan bà lé e, ó kí ráka méjì, ó sì fò lọ láìkánjú. Obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì ń jẹ́ Tabitha, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, onítẹ̀bọmi pọ́ńbélé. Ó gbé awò ojú ka góńgó imú bí ìkòkò tí wọ́n gbé ka àdògán tó ṣẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ kú ìrọ́jú o. Ta ló kú?"

"Bàbá Àìṣà ni, Mà."

Tabitha ka ìwé mọ́ṣáláṣí náà tán, ó yí i padà bóyá ọ̀rọ̀ kù lẹ́yìn rẹ̀.

"'Bàbá Àìṣà onítẹ̀wé ti jáde láyé.' Háà! Màmá, ẹ mà ń bá mi ṣeré o. Tí mo bá yọrí síta báyìí, tí mo pe Bàbá Àìṣà, láti Ladi-Lak dé Pedro, àwọn tó máa dáhùn á kún títì. Èwo nínú wọn ni kí n kọ̀wé ikú fún?"

Bàbá àgbà kan tó ń tòògbé lórí bẹ́ǹṣì lajú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é o! Èmi náà ni Bàbá Àìṣà. Mi ò tíì ṣetán."

Ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Ràfíátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Àìṣà súnmọ́ tábìlì. "Ẹ má bínú, Mà. Orúkọ dádì mi ni—"

"Ẹ dúró ná, Àǹtí." Tabitha na bírò sókè. "Ṣé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tó kú?"

"Rárá. Ìbàdàn ni mo wà. Mọ́mì nìkan ló wà níbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí Mọ́mì sọ ọ́ nígbà náà. Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan wá síbí, ó ka orúkọ bàbá rẹ̀ geerege bí ẹni ka hádíìsì. Mo kọ ọ́, mo lù ú lóǹtẹ̀. Kò pẹ́ ni bàbá ọ̀hún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, ó gbé ìwé ikú rẹ̀ lé orí tábìlì yìí, ó ní, 'Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n sè níbi òkú mi?' Díẹ̀ ló kù kí ọ̀gá mi sin èmi gan-an dípò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹnu ẹni tó rí ikú ni mo ti ń gbọ́ ọ. Màmá, ẹ máa búra, ẹ máa pe orúkọ rẹ̀, màá sì kọ ọ́. Kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ràfíátù ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mi ò pè é rí."

"Kí lẹ ò pè rí?"

"Orúkọ rẹ̀."

Ọmọbìnrin kan tó dúró lẹ́yìn wọn pariwo, "Màmá! Ẹ bímọ fún un, ẹ ò pe orúkọ ẹ̀ rí!"

Kò pè é rí lóòótọ́. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti tọ́ Ràfíátù, ìyá rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó pé ìyàwó tó bá ń la orúkọ mọ́ ọkọ lórí kò ní ẹ̀kọ́. Kó tó bí Àìṣà, tí oúnjẹ bá jinná, ó máa ń fi ṣíbí lu etí àwo ni, ọkọ rẹ̀ á sì wọlé wá. Àwọn ayálégbé tó kù ní ebi máa ń pa gbogbo àwọn nígbàkigbà tó bá ń pe ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, gbogbo ilé ló dúpẹ́ pé ṣíbí máa sinmi.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtọ́ni ìyá rẹ̀ nìkan ló dì í lẹ́nu lọ́jọ́ yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré, Àìṣà ní láti tẹ orí wálẹ̀ kó tó gbọ́.

"Gbogbo wa la mọ̀ pé tí èèyàn bá fẹ́ lọ, wọ́n máa ń pe orúkọ rẹ̀ sí i létí kó lè yí padà. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ó dé ẹnu mi lọ́jọ́ náà o. Mo gbé e mì. Mo ní àwọn ayálégbé á gbọ́. Bàbá Àìṣà ni mò ń pè. Bàbá Àìṣà! Mélòó ni wọ́n lójú ọ̀nà ọ̀run? Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé òun ni mò ń bá wí?" Ó gbójú sókè wo Tabitha. "Tí mi ò pè é kó lè padà, ìwé ni kí n wá pè é sí?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Tabitha yọ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

"Èmi náà, Bàbá Samson ni mò ń pe tèmi, Màmá."

"Ṣé ó wà láyé?"

"Ó wà."

"Ẹ lọ pè é lónìí."

Àìṣà di apá ìyá rẹ̀ mú. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa lọ. A lè padà wá lọ́jọ́ mìíràn."

"Òjò ni ká sọ fún pé kó dúró dè wá? Kí wọ́n lọ gbé ẹni ẹlẹ́ni tẹ́ sórí rẹ̀?" Ràfíátù dìde. Ó gbé ọwọ́ lé Kùránì tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, ó búra. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ju èémí lọ.

"Kò dé etí mi, Màmá," ni Tabitha wí. "Ẹ foríjì mí."

Ràfíátù bá fà á láti ìsàlẹ̀ ikùn. "Isiaq!" Bí ẹni ń pe èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ títì dé òpin rẹ̀. "Isiaq Àkànní! Isiaq Àkànní Ṣíttù!"

Gbogbo ojú yí sí ẹnu ọ̀nà, títí kan Bàbá Àìṣà tó wà láàyè lórí bẹ́ǹṣì. Ràfíátù náà yí ojú síbẹ̀, ó dẹ etí sílẹ̀, ó ń dúró. Jẹnẹrétọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì níta ni wọ́n ń gbọ́. Ó dúró títí, tó fi yé òun náà. Ó jókòó.

Tabitha kọ ọ́. Ó lu ẹ̀dà rẹ̀ méjì lóǹtẹ̀, ọ̀kan fún itẹ́ òkú, ọ̀kan fún ilé. Nígbà tó ń nà wọ́n sí i, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà wọ́n.

Àtibẹ̀ ni wọ́n ti gba itẹ́ òkú lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ mú pátákó kékeré kan jáde àti ọ̀dà dúdú, ó ti bọ búrọ́ọ̀ṣì sínú ọ̀dà.

"Orúkọ òkú?"

Àìṣà ń tú ìwé kó lè kà á fún un. Ìyá rẹ̀ ti dáhùn. "Isiaq Àkànní Ṣíttù." Ó sọ ọ́ wéré, bí ẹni júwe ilé ara rẹ̀ fún àlejò.

Ọkùnrin náà kọ ọ́ sára pátákó, ó gún un mọ́lẹ̀. "Ó ti di tirẹ̀, Ìyá. Kò sẹ́ni tó máa dé ibẹ̀ mọ́."

Ràfíátù kò gbọ́ ọ. Ó ti fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mọ́mì, kí ló dé?"

"Wò ó bó ṣe rọrùn láti pè é," ni Ràfíátù wí. "Àìṣà, wò ó bó ṣe rọrùn tó." Ó jókòó sórí iyanrìn, láàárín àwọn ibojì, ó ń sunkún.

Àìṣà sún mọ́ ọn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó tì í.