Ògiri Tó Ń Jẹrà Lábẹ́ Sìmẹ́ǹtì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní ìlú wa tó wà láàárín Kàbà àti Ayétòrò-Gbẹdẹ, iṣẹ́ àwa ọmọbìnrin ni láti rẹ́ ògiri ilé. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ìyá mi á ti kó èèpo èso irú jọ sínú ìkòkò, á sè é títí omi rẹ̀ á fi pọ́n rúsúrúsú. Àwa á lọ kó ìgbẹ́ màálù ní gáà àwọn Fúlàní, a ó pò ó mọ́ amọ̀ àti omi náà, a ó sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ pa á mọ́ ògiri. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, òórùn yẹn kì í ṣe kékeré! Ẹni tó bá yínmú, ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ ni ìyá mi á fi gbá a létí, onítọ̀hún á sì gbé àmì ìka márùn-ún lọ sódò. "Ọmọbìnrin tí kò lè rẹ́ ilé bàbá rẹ̀, ilé ọkọ ni yóò wó lé e lórí," ló máa ń wí. Lẹ́yìn náà la ó wá jẹ iṣu sísun pẹ̀lú epo.

Tí òjò bá dé, omi á kàn máa yọ̀ lára ògiri ni. Ìwọ̀nba tó bá wọ inú rẹ̀, oòrùn á fà á jáde lọ́jọ́ kejì.

Àmọ́ sìmẹ́ǹtì ló wu ìyá mi. Bó bá ń ti oko bọ̀, á dúró fi ọwọ́ pa ògiri ilé olùkọ́ àdúgbò wa kó tó kọjá. Nítorí náà, nígbà tí bàbá mi kú, a ní òkú rẹ̀ kò ní jáde nínú ilé amọ̀. A pe bíríkìlà, ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilé tinú tòde, ó sì kùn ún ní ọ̀dà funfun. Inú ọ̀fọ̀ ni ìyá mi wà, síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín. Ó kí wa kú iṣẹ́ ní èdè wa, ó ní, "Okun o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi náà ti di onílé."

A ò mọ̀ pé aṣọ tí kì í jẹ́ kí ara mí la wọ̀ fún ilé. Amọ̀ a máa wú tó bá mu omi, a sì máa súnkì tó bá gbẹ. Sìmẹ́ǹtì kò lè bá a ṣe é. Ó sán tẹ́ẹ́rẹ́, omi gba ibẹ̀ wọlé, kò sì rọ́nà jáde mọ́. Nígbà Àjíǹde tó kọjá, mo fi ọwọ́ kan ògiri yàrá ìyá mi, sìmẹ́ǹtì já bọ́, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Bíríkìlà ní ilé náà kò ní la òjò ọdún yìí já.

Ìyá mi kọ̀, kò kúrò. "Ilé sìmẹ́ǹtì kì í wó," ló ní. "Ibo lẹ fẹ́ kí n lọ?" Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún, etí dídi ló kọ sí mi. Mo ní ká ṣí sìmẹ́ǹtì náà kúrò, ká rẹ́ ẹ bíi ti àtijọ́. Bíríkìlà ní sìmẹ́ǹtì náà nìkan ló kù tó gbé ògiri dúró. Igi irú ọ̀hún gan-an dà? Wọ́n ti gé e ṣe èédú tán. Kò sí ohun tí mo lè ṣe mọ́, ó sì ń dùn mí.

Láyé ìgbà yẹn, bí òjò bá ń rọ̀, àwa ọmọ á máa jó nínú rẹ̀, ìyá wa á máa pariwo láti inú ilé pé ká wọlé. Lónìí, bí òjò bá ṣú, èmi ni mò ń pariwo lórí fóònù láti Kàbà pé kó jáde síta. Á ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ti wọlé, òun sì ti ti ilẹ̀kùn.