Orin Mọ́ríyámọ̀ Bọ́ sí Ọjọ́ Jímọ̀

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Yaqub Ṣàmsúdéènì ti fi ń tẹ dùùrù ní kàtídírà, baba rẹ̀ kò sì tíì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kì í ṣe pé ibẹ̀ jìnnà jù. Láti Peckham Rye ní London, ọkọ̀ ojú irin kò gbà ju wákàtí kan lọ. Lọ́sọ̀ọ̀sán, Yaqub á gbé àpò kọ́ èjìká, á gba iwájú àwọn ìsọ̀ ẹja Rye Lane kọjá, á sì wọ ọkọ̀. Bàtà ló wà nínú àpò náà, bàtà dúdú kan tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí kò fi tẹ ilẹ̀ ìta rí láti ọjọ́ tó ti rà á. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ ìsàlẹ̀ dùùrù bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ tẹ òkè rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ kan lábẹ́ bàtà sì lè ha igi rẹ̀. Tó bá dé kàtídírà, á gun àtẹ̀gùn méjìlélógójì lọ sókè, á pààrọ̀ bàtà, á jókòó, á sì kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ayé. Kì í rí akọrin, kì í rí àlùfáà. Dígí kékeré kan ló wà lókè orí rẹ̀ tó fi ń rí ọwọ́ ọ̀gá akọrin nísàlẹ̀, kí ó lè mọ ìgbà tí orin ń bẹ̀rẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀gá mẹ́rin ló ti rí nínú dígí yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ipò ọ̀gá ṣí sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Yaqub kọ̀wé béèrè fún un, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì fi lẹ́tà dídùn dá a lóhùn pé iṣẹ́ rẹ̀ wú àwọn lórí púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ti rí ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn tí wọ́n rí gbẹ̀yìn ni Levi, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tó ń fi ọwọ́ gbá Yaqub léjìká bí ẹni pé òun ló bí i. Yaqub ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.

Peckham ni wọ́n bí i sí, ní àjà kẹta ilé káńsù kan. Baba rẹ̀, Alhaji Ṣàmsúdéènì, ọmọ Ìwó, ń wa bọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀, Mọ́ríyámọ̀, ń tún ọ́fíìsì ṣe. Yaqub jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí ilé ìwé kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Nunhead láti lọ wo fèrèsé aláràbarà. Àwọn yòókù wo fèrèsé. Yaqub gbọ́ dùùrù, ilẹ̀ tó dúró lé gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì bá wọn wo nǹkan kan mọ́. Ìyá arúgbó tó ń tẹ̀ ẹ́ gbà kó máa wá kọ́ ọ lọ́sàn-án Sátidé. Mọ́ríyámọ̀ mọ̀. Alhaji rò pé bọ́ọ̀lù ni ọmọ òun ń lọ gbá.

Nígbà tí àṣírí tú, Alhaji kò lu ọmọ rẹ̀, kò sì pariwo. Ó kàn ní, "Ọmọ Alhaji, atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dáa." Ó sì padà sídìí ìwé ìròyìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Yaqub ju pàṣán lọ.

Yaqub kàwé orin gboyè, ó sì di ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kí kàtídírà tó gbà á. Olórí àlùfáà ibẹ̀ mọ̀ pé Mùsùlùmí ni. Ó ní ọwọ́ ni àwọn ń wá, Ọlọ́run ló ni ọkàn. Ilé ni wàhálà wà. Mọ́ríyámọ̀ fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ bá baba rẹ̀ ní pálọ̀.

"Ọjọ́ Jímọ̀ ńkọ́?" ni Alhaji béèrè.

"Dùùrù kì í dún ní Jímọ̀ níbẹ̀, Daddy. Wọ́n ní ọjọ́ yẹn ni wọ́n pa Jésù, torí náà akọrin á kàn fi ẹnu lásán kọrin. Àṣà wọn ni, ó ti pẹ́."

Alhaji ro ó títí. "Wọ́n gbìyànjú. Ìwọ náà, ṣèlérí fún mi pé ọwọ́ rẹ ò ní kàn án ní Jímọ̀, títí ayé."

Yaqub ṣèlérí. Láti ìgbà náà ni ó ti ń lo ọjọ́ Jímọ̀ tirẹ̀ ní mọ́sálásí Old Kent Road, ní ẹ̀gbẹ́ baba rẹ̀. Wọn á kírun, wọn á jọ rìn padà sílé, wọn á sọ̀rọ̀ òjò àti ti bọ́ọ̀sì. Wọn kì í mẹ́nu ba dùùrù.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Mọ́ríyámọ̀ kú. Yaqub ti ń kọ orin sílẹ̀ tipẹ́, dúrọ́ọ̀ mẹ́ta nínú yàrá rẹ̀ ló kún fún orin tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí, ṣùgbọ́n èyí tó kọ lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀ yàtọ̀. Ní ìsìn ìrọ̀lẹ́, ojoojúmọ́ ni kàtídírà ń kọ orin tí Màríà, ìyá Jésù, kọ. Màríà náà ni Mọ́ríyámọ̀. Yaqub mú ọ̀rọ̀ Màríà, ó sì fi ohùn ìyá tirẹ̀ sí i.

Nígbà tí òun àti Kúbúrá, àbúrò rẹ̀, wà lọ́mọdé, ìyá wọn a máa dúró ní bákóńnì àjà kẹta, á fa ohùn gùn: "Yaqub oo! Kúbúrá oo! Oúnjẹ ti délẹ̀ o!" Àwọn náà á kígbe láti ìsàlẹ̀ pé, "À ń bọ̀, Mummy!" Yaqub fi ìpè yẹn sẹ́nu akọrin, ó fi ìdáhùn sínú dùùrù. Bí akọrin bá pè, dùùrù á dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni orin náà ń lọ títí dé òpin.

Ọdún méjì ni orin yìí fi wà lórí tábìlì Levi. Lọ́dún kìíní, iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún akọrin. Lọ́dún kejì, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru bàjẹ́, wọ́n pa orin tì fún oṣù kan gbáko, inú oṣù náà gan-an ni orin Yaqub sì bọ́ sí. Nígbẹ̀yìn, Levi fi í sí ọjọ́ Túsìdeè kan nínú oṣù Kọkànlá. Kúbúrá, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Walworth, rẹ́rìn-ín lórí fóònù. "Pípẹ́ ni yóò pẹ́, Brother mi. Akólòlò á pe baba."

Yaqub lọ dọ̀bálẹ̀ fún baba rẹ̀.

"Daddy, orin Mummy ni. Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Alhaji ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò sì gbọ́ràn mọ́. Ó wo fọ́tò ìyàwó rẹ̀ lára ògiri. "Túsìdeè lo wí?"

"Túsìdeè ni, sà."

"Màá wá."

Ogójì ọdún ni Yaqub ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí Levi pè é wọ ọ́fíìsì.

"Yaqub, ọ̀rẹ́ mi, àwọn ọmọdé inú akọrin ní eré nílé ìwé wọn lọ́jọ́ Túsìdeè. Mo ti sún orin rẹ sí Jímọ̀."

"Jímọ̀ kẹ̀? Levi, dùùrù kì í dún ní Jímọ̀."

"Mo mọ̀."

"Ìdajì orin yẹn, inú dùùrù ló wà!"

"Mo ti wò ó dáadáa. Ibi tí dùùrù bá ti yẹ kó dáhùn, a máa dákẹ́ díẹ̀, a ó sì máa bá a lọ. Ìdákẹ́jẹ́ náà, orin ni."

"Sún un sí Túsìdeè mìíràn."

"Ètò orin ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé, títí di ìgbà Àjíǹde. Jímọ̀ ni, àbí ká fi sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀?"

Yaqub wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ta ló lè fi ọdún tó ń bọ̀ dá ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin lójú? Ó ní, "Kó jẹ́ Jímọ̀ nígbà náà," ó sì rẹ́rìn-ín sí Levi. Ó dé inú ọkọ̀ ojú irin kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ẹ̀rín yẹn.

"Jímọ̀!" Kúbúrá pariwo lórí fóònù. "Brother mi, ṣọ́ọ̀ṣì yín ti gba Islam nìyẹn o."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, jàre."

"Mo ti pààrọ̀ shift mi lẹ́ẹ̀kan nítorí yín o. Tí mo bá tún lọ bá manager mi, ojú tó máa fi wò mí, ẹ̀yin lẹ máa wá gbà á. Ṣé ẹ ti sọ fún Daddy pé dùùrù ò ní dún?"

Yaqub gbé fóònù sí etí kejì.

"Ẹ ò tíì sọ fún wọn."

"Ó máa dún."

"Lọ́nà wo?"

"Mo ní ó máa dún, Kúbúrá."

Nígbà tí Jímọ̀ pé, wọ́n kírun tán ní Old Kent Road, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wọ ọkọ̀ ojú irin. Alhaji wọ agbádá aláwọ̀ ewé, ó dé fìlà, ó fi ọ̀pá sáàárín orúnkún. Nígbà tí Yaqub sọ fún un pé orin ti bọ́ sí Jímọ̀, "Màá wá" náà ló tún wí. Yaqub fi àwọn méjèèjì jókòó sítòsí akọrin, ó sì gun àtẹ̀gùn méjìlélógójì náà pẹ̀lú àpò bàtà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a dúró, kò sẹ́ni tó rò pé atẹdùùrù lè ní ohun tó fẹ́ lọ ṣe lókè ní Jímọ̀.

Ó pààrọ̀ bàtà. Ó tan dùùrù, afẹ́fẹ́ sì mí kanlẹ̀ nínú àwọn fèrè ńláńlá tó ń fún un lóhùn, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Bí wọ́n bá fẹ́ lé òun, kí wọ́n lé òun. Ó gbé ọwọ́ lé eyín dùùrù, àwọn igi funfun àti dúdú tí ó ti tẹ̀ láìmọye ìgbà, ó sì tẹ ojú mọ́ dígí.

Ọwọ́ Levi lọ sókè. Ìpè àkọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ọmọdé, ohùn Mọ́ríyámọ̀ gan-an, ó gòkè lọ sínú òrùlé. Àyè ìdáhùn dé. Yaqub rí pálọ̀ wọn, ó rí baba rẹ̀ tó ń sọ pé, "Títí ayé." Kò tẹ̀ ẹ́. Àyè náà kọjá. Ìyá pè, kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ìpè kejì jáde. Kò tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ìyẹn náà kọjá.

Bí ìpè kẹta ṣe jáde, ó gbé ẹsẹ̀ lé igi ìsàlẹ̀. Ó tó! Ó na ọwọ́. Etí rẹ̀ ló dá a dúró. Ohùn ènìyàn tí kò sí dùùrù tó gbé e ró a máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹni tó ń kọrin kì í sì í mọ̀. Ohùn akọrin ti wálẹ̀. Ká ní wọ́n sọ̀kalẹ̀ dé orí eyín tó tẹ̀lé e ni, Yaqub ìbá bá wọn lọ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àárín eyín méjì ni wọ́n wà, kò sì sí eyín kankan níbẹ̀. Tó bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, ṣe ni yóò dà bí ìgbà tí ọkọ̀ méjì fi ara ha ara wọn, lórí orin ìyá rẹ̀, lójú baba rẹ̀. Ní ìpè àkọ́kọ́, àyè wà. Òun ló jẹ́ kó lọ.

Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí orin fi parí, afẹ́fẹ́ ń mí lásán.

Levi gbá a mọ́ra nísàlẹ̀. "Yaqub! Ṣé o gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn? Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ pẹ̀lú dùùrù mọ́ láéláé! Oṣooṣù la ó máa kọ ọ́ báyìí, ní Jímọ̀."

Àwọn èèyàn ń bọ Yaqub lọ́wọ́, wọ́n ń yìn ín. Ó wò wọ́n bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń kí kú oríire. Ó dé ọ̀dọ̀ baba rẹ̀.

"Mo gbọ́ ìyá rẹ," ni Alhaji wí. "Ó pè, ó pè, ó pè. Ta ló yẹ kó dá a lóhùn?"

"Èmi ni, sà. Dùùrù ni."

"Kí ló wá dé?"

"Jímọ̀ ni, Daddy. Mo ti ṣèlérí fún yín."

Alhaji fi ọ̀pá gún òkúta ilẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí! Èmi tí mo dé fìlà wá jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Jímọ̀, kí lo rò pé mo wá gbọ́?"

Yaqub wo òkè, níbi tí dùùrù wà. Ó yí padà, ó lọ bá Levi láàárín àwọn èèyàn.

"Mi ò fẹ́," ló wí. "Tí kò bá sí dùùrù, kí orin náà má sí."

"A ó jọ sọ ọ́," ni Levi dáhùn, ó sì gbá a léjìká.

Alhaji ṣì ń dúró dè é. "Ọ̀la ńkọ́?"

"Akọrin ò sí lọ́la, sà."

"Mi ò béèrè akọrin."

"Mo lè rí dùùrù lò láàárín aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá."

"Daddy," ni Kúbúrá wí, "mo ní shift lọ́la o!"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ni?"

Láàárọ̀ Sátidé, Alhaji ti wà lórí ìjókòó rẹ̀ àná, ọkùnrin kan ń fi ẹ̀rọ gbá ilẹ̀ kàtídírà, Yaqub sì ní láti dúró nídìí dùùrù títí ó fi kọjá. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ti lù. Ó ka àyè ìpè àkọ́kọ́ sínú, ó sì tẹ ìdáhùn. Ó dún bí ẹni tó ń jẹ́ "Ẹ̀ẹ́n" nígbà tí kò sẹ́ni tó pè é. Ó ka àyè kejì, ó tún dáhùn ògiri. Inú bí i débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí igi. Ìdajì lánàá, ìdajì lónìí. Kí ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀?

Àyè kẹta dé. Kí ó tó kà á tán, nǹkan mì nínú dígí. Alhaji ti rọra rìn dé ibi tí Levi máa ń dúró, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè.

"Yaqub oo!"

Ohùn náà há, ó sì wálẹ̀. Kò bá eyín kankan mu, àárín eyín méjì ló bọ́ sí, bíi ti àná gan-an.

Yaqub fi dùùrù dá a lóhùn.