Fọ́tò Rumyana Láìsí Jígí

Lọ́jọ́ tí Rumyana lọ tún ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ gbà ní ìlú Smolyan, inú rẹ̀ dùn débi pé ìdí rẹ̀ kò gba ìjókòó. Dókítà ojú ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní bí jígí bá ti wà lójú rẹ̀, kó máa wakọ̀ rẹ̀ lọ. Rumyana ló ń fi bọ́ọ̀sì kékeré gbé àwa ará abúlé lọ sí ìlú, lójú ọ̀nà orí òkè tó lọ́ bí ìfun ewúrẹ́. Nítorí fọ́tò tí wọ́n máa yà sórí ìwé náà, ó kun irun rẹ̀, ó sì ra jígí pupa tuntun.

Èmi àti Bàbá Nedyalko bá a lọ. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni bàbá yìí máa ń jókòó sí, tí yóò máa bú ìwakọ̀ Rumyana títí oorun yóò fi gbé e lọ.

Nígbà tó kan Rumyana ní ọ́fíìsì ọlọ́pàá tí wọ́n ti ń ṣe ìwé náà, ọlọ́pàábìnrin tó wà nídìí kámẹ́rà ní, "Màmá, ẹ bá wa yọ jígí yẹn. Ó ń kọ mànà, ojú yín ò hàn."

"Torí fọ́tò yìí ni mo ṣe rà á, ọmọ mi."

"Ó rẹwà, Màmá. Ẹ ṣáà yọ ọ́."

Ó yọ ọ́, gbogbo yàrá sì di kùrukùru lójú rẹ̀. Wọ́n ní kó wo kámẹ́rà, ó wo fèrèsé. Wọ́n ní kó yí sápá ọ̀tún, ó kọjú sí ìkòkò òdòdó. Làwọn tó wà lórí ìlà bá bẹ̀rẹ̀ sí í júwe fún un.

"Òsì díẹ̀, Màmá."

"Ó ti pọ̀ jù, ẹ padà."

Ẹ̀rín pa Rumyana, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọlọ́pàá ní ẹnu kò gbọdọ̀ là nínú fọ́tò.

Rumyana ní, "Ẹ jẹ́ kẹ́nì kan dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ yẹn kó máa sọ̀rọ̀. Ohùn ni mo fi ń mọ èrò ọkọ̀ mi, ojú mi kì í kúrò lójú títì."

Kí n tó dìde, Bàbá Nedyalko ti fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ débẹ̀. Ó wúkọ́. Èébú ni gbogbo wa ń retí.

"Ìwọ obìnrin yìí," ló wí, "kò sí ọkọ̀ tí mo ti ń rí oorun sùn láyé yìí àfi tìẹ. Ọkàn mi kì í balẹ̀ nínú tẹlòmíràn."

Rumyana kọjú sí ohùn náà gan-an. Ẹnu rẹ̀ pa dé, àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Kámẹ́rà ṣẹ́jú.

Ó tún jígí rẹ̀ fi sójú, ó sì tẹjú mọ́ fọ́tò náà pẹ́. "Ẹ̀yin èèyàn, mo mà lẹ́wà o."

"Ó tún ti bẹ̀rẹ̀," ni Bàbá Nedyalko wí.

Lọ́jọ́ tí káàdì ìwakọ̀ náà jáde, kò fẹ́ tan ọkọ̀ àfi ìgbà tí gbogbo wa bá wò ó. À ń jẹ bánítsà, oúnjẹ ìyẹ̀fun yíyan, ní gbígbóná lọ́wọ́, wàràkàṣì inú rẹ̀ ń yọ́, káàdì sì ń tọwọ́ dé ọwọ́ títí dé ẹ̀yìn. Nígbà tó fi padà, òróró ti bo imú Rumyana nínú fọ́tò. Ó nù ún mọ́ síkẹ́ẹ̀tì, ó ṣáná sọ́kọ̀, a sì gun òkè lọ.