Fídíò Tí Waris Fi Ojú Gé

Waris kì í ṣe ọmọ burúkú o. Mo tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ohun tó ṣe, kí ẹ má baà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún un. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, Peckham ní London ló ń gbé, wíáhaòsì kan tí wọ́n ń kó ọjà pamọ́ sí ní Old Kent Road ló ti ń ṣiṣẹ́. Kò mutí, kì í pa ìrun Jímọ̀ jẹ. Géèmù bọ́ọ̀lù nìkan ló ń pa á bí ọtí. Òun àti Hamid ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní Catford á jọ gbá a, kálukú nínú yàrá tirẹ̀, Waris á gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tòun ti ohùn àwọn méjèèjì, á gé ibi tó dùn, á gbé e sórí YouTube. Yorùbá pọ́nńbélé ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ sí i. "Ó ti yà á! Ó tún yà á! Golí, lọ sùn jàre!" Èèyàn bí ẹgbẹ̀rún méjì ló ń wò wọ́n, títí kan gbogbo ọ̀dọ́ mọ́sálásí wọn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, inú bọ́ọ̀sì ló ti ń gé fídíò lórí fóònù. Earphone rẹ̀ ti kú. Ṣé ẹni tó ní làákàyè kò ní dúró títí yóò fi délé ni? Waris ò dúró. Ó ní ojú lòun máa fi gé e, òun ṣáà mọ ibi tí góòlù wà. Ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó sì ti fi í síta kó tó bọ́ sílẹ̀ ní Rye Lane. Free kick kan wà níbẹ̀ tí Hamid gbá, ó rẹwà lójú rẹ̀ débi pé ó fi í sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohun tí àwọn méjèèjì ń sọ lẹ́nu nígbà tí Hamid ń to bọ́ọ̀lù náà, ó ti gbàgbé pátápátá.

Ohun tí wọ́n ń sọ rèé. "Alhaji Mùsílíù tún pè mí lánàá," ohùn Waris ketekete. "Wọ́n ní kí n wá bá àwọn ka lẹ́tà council, àwọn ò rí dígí àwọn. Dígí kẹ̀! Dígí wà lójú wọn! Hamid, bàbá ò mọ A, wọn ò mọ B. Alága ẹgbẹ́ wa o!" Hamid rẹ́rìn-ín, Waris náà rẹ́rìn-ín, góòlù wọlé.

Ta wá ni Alhaji Mùsílíù sí Waris? Ẹ bá mi bi í! Nígbà tó dé London tí kò ní ibi tó máa forí lé, pálọ̀ Alhaji ló sùn sí fún oṣù méje gbáko. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, Àlàájà Aishah ìyàwó wọn ń bu oúnjẹ fún un bí ọmọ tí wọ́n bí. Nínú ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́sálásí wọn, tí ìwé bá dé, Alhaji á nà án sí akọ̀wé pé, "Kà á sókè, kí gbogbo wa jọ gbọ́." Àwọn èèyàn rò pé ìwà àgbà ni. Yàtọ̀ sí Àlàájà, Waris nìkan ló mọ ohun tó wà níbẹ̀, nítorí òun ni Alhaji fọkàn tán.

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, níbi tí wọ́n ti ń wọ bàtà, ọmọkùnrin kan ní, "Alhaji, ẹ ti rí dígí yín?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Alhaji wo ilẹ̀, wọ́n wo Waris lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n gbé bàtà dání, wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ jáde sí títì. Ìgbà tí Waris délé ló tó ti ohùn fídíò náà sókè. Yéè! Ojú tì í, ó gbóná láti ọrùn dé etí. Ó pa fídíò náà rẹ́, àmọ́ àwọn èèyàn ti fi ránṣẹ́ káàkiri. Ó gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lórí fóònù ẹni tó jókòó tì í níbi iṣẹ́, ó sì ń ṣe é bíi kó wọlẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó lọ bá Bàbá Sàká, igbákejì alága, pé kí wọ́n bá òun bẹ Alhaji.

"Ṣé òótọ́ ni ohun tó o sọ, àbí irọ́?" Bàbá Sàká bi í.

"Irọ́ ni, sà. Mo kàn fẹ́ pa Hamid lẹ́rìn-ín ni. Alhaji mọ̀wé jù mí lọ."

Ó rò pé ìyẹn nìkan ni aṣọ tó kù tóun lè fi bo bàbá náà.

Nígbà tí wọ́n gòkè dé ilé Alhaji, Waris dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì tó ti sùn sí fún oṣù méje. Ó tún irọ́ náà pa, ojú ń tì í bó ṣe ń pa á. "Mo parọ́ mọ́ yín, sà. Ẹ ṣojú àánú." Bàbá Sàká ní, "Mo ti mọ̀ pé irọ́ ni! Ọmọ ayé ò láròjinlẹ̀." Alhaji bá fa dígí yọ lápò, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n mú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù kan lórí tábìlì, wọ́n já a, wọ́n sì ń yí ojú lórí ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Council ni," wọ́n sọ fún Bàbá Sàká. "Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí kíkó lásán." Wọ́n jù ú sórí tábìlì.

Iwájú Waris, tó ti dìde sórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ló bọ́ sí. Kì í ṣe council. Ọsibítù ni. Iṣẹ́ abẹ orúnkún tí Alhaji ti ń dúró dè láti bí oṣù mẹ́jọ, ọ̀la Túsìdeè, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹni tí kò bá wá, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tó ń dúró.

Tí Waris bá sọ ohun tó wà níbẹ̀, Bàbá Sàká á mọ̀ pé Alhaji ò mọ̀wé. Tó bá dákẹ́, orúnkún Alhaji ló máa jìyà. Ẹnu tó ń ta ṣàṣà nínú fídíò, ó wá wúwo.

"Alhaji," ó ní, "ẹ dákun, ẹ má bínú débi tẹ́ ẹ fi máa yí èrò padà lórí ti ọ̀la. Ẹ ti sọ fún mi tipẹ́ pé èmi ni màá sìn yín lọ sí ọsibítù fún iṣẹ́ abẹ yẹn. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀."

Alhaji ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Wọ́n yọ dígí. Wọ́n wo ìwé tó wà lórí tábìlì, wọ́n wo Waris.

"Mi ò gbàgbé," wọ́n ní. "Aago mẹ́jọ ni kó o ti dé. Ìsàlẹ̀ ni kó o ti dúró dè mí. Má gòkè wá sílé mi mọ́."