Àbàtà Tí A Ti Ń Já Ewé Ẹ̀kọ

Ìrì bò wá dé orúnkún. Ìyá bàbá mi ló ṣáájú, ó mú ọ̀bẹ kékeré lọ́wọ́. Èmi àti Àdùnní àbúrò mi ń tẹ̀lé e wọ àbàtà tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n. Òórùn ẹrẹ̀ ń bọ̀ lábẹ́ ewé, àkèré ń ké.

Mo rántí orúkọ gbogbo ará agboolé wa, láti orí Rábíù alágbẹ̀dẹ dé orí Sáúdátù elépo. Orúkọ ìyá yìí nìkan ni mi ò mọ̀. Ta ni wá tí a ó bi í? Ẹ̀kọ ló ń tà, ewé eéran ló fi ń pọ́n ọn.

Nígbà tí ọ̀nà ọ̀dà dé, tí mọ́tò ń já èrò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, ẹ̀kọ kì í tó wọn mọ́. Lọ́jọ́ kan mo kánjú, mo fa ewé tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kí agbọ̀n lè tètè kún. Ìyá wo agbọ̀n náà. Kò nà mí.

"Padà lọ gbìn wọ́n."

"Ìyá, ilẹ̀ ti mọ́, ẹ̀yin lèrò ń dúró dè."

"Kí wọ́n dúró. Àbí wọn ò ní jẹun lọ́la ni?"

Mò ń fọwọ́ gbẹ́ ẹrẹ̀, mò ń sunkún. Obìnrin Ìfọ́n kan tó wá já ewé tirẹ̀ bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ará Ìlobù! Ṣé àgbẹ̀ lẹ wá kọ́ ọmọ ni?"

"Ewé tìrẹ náà ló ń gbìn, aláròóyé! Bọ́ síbí kó o bá a gbìn."

Obìnrin náà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó bá mi gbìn ín tán.

Gbogbo rẹ̀ ló hù. Ṣùgbọ́n èrò ń pọ̀ sí i, ilé ń lé ilé. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo rí ṣe, wọ́n ń ra ilẹ̀. Típà da yanrìn bo àbàtà. Inú ọ̀rá ni ẹ̀kọ wà báyìí, ọ̀rá náà ló sì dí gọ́tà.

Lọ́jọ́ tí Ṣẹ́gun ọmọ mi mú mi wá wo ilẹ̀ tó rà, mo mọ ibẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: àbàtà tí a ti ń já ewé ni. Ẹ̀rín kún ojú rẹ̀. Mo ní, "Ilé á tura," mo ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ àbàtà tí mi ò sọ lọ́jọ́ náà ni mò ń gbé kiri. Àdùnní tí à bá jọ sọ ọ́ ti kú lọ́dún tó kọjá.

Ṣẹ́gun ti kọ́ ilé náà tán; bí òjò bá ti rọ̀, omi a wọ yàrá. Lánàá, ọmọ Ṣẹ́gun ń fi abọ́ gbọ́n ọn dà síta.

"Màmá àgbà, níbo lomi yìí ti wá ná?"

"Kò wá, ọmọ mi. Àwa la wá bá a."