Ilé Tí A Lọ Yẹ̀ Wò Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ tíṣà mi láti ilé-ìwé kan sí òmíràn kí wọ́n tó dá mi padà sí Èjìgbò. Ìyàwó mi ní òun kò ní di ẹrù mọ́, àfi tó bá jẹ́ ilé tiwa là ń kó lọ. Nígbà tí a gbọ́ pé ọkùnrin kan ránṣẹ́ láti Àbíjàn pé kí wọ́n ta ilé bàbá òun, mo rò pé ìsinmi dé, mo sì sọ fún onílé tí a yá yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ pé a ó kó jáde láìpẹ́.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé ilé alámọ̀ kì í tọ́jọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìpìlẹ̀ bá dára, tí òjò kò sì ráyè wọ orí ògiri, yóò gba ọmọ, yóò gba ọmọ-ọmọ. Mo kọ ohun tí a ó yẹ̀ wò sínú ìwé: páànù, igi àjà, ikán, ògiri. Mo yá àkàsọ̀ ní ilé-ìwé, mo bẹ mọlémọlé àgbà kan, mo sì ránṣẹ́ sí ìyá arúgbó tó ń gbé inú ilé náà pé a ń bọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe. Obìnrin ilẹ̀ wa kì í gbọ́ pé àlejò ń bọ̀ kó jókòó. Nígbà tí a débẹ̀, ìyá ti fi ẹlẹ́bọ́tọ, ìgbẹ́ màlúù tí a fi omi pò, pa gbogbo ilẹ̀ àti ògiri. Ó ń dán, ó ṣì tutù.

Mọlémọlé wo ògiri, ó wò mí. "Tíṣà, ìwé yín kò wúlò lónìí. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ibi tó bá ti sán tẹ́lẹ̀ yóò tún sán."

"Ẹ gbọ́ ná," ni ìyá wí, "ṣé ilé lẹ fẹ́ rà ni, àbí ìdọ̀tí?"

"Ìyá, àpá ara rẹ̀ la fẹ́ rí."

"Ẹ wo ojú mi. Àpá pọ̀ níbẹ̀."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí. A tún ru àkàsọ̀ padà.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án a padà lọ. Gbogbo ògiri ló dúró dáadáa, àfi ti yàrá ìyá. Ó là láti òkè délẹ̀. Ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ sì ti rì díẹ̀. Mọlémọlé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀.

"Ta ló wà níbí, ìyá?"

"Ọkọ mi ni, bàbá ẹni tó ń ta ilé yìí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń sùn."

Gbogbo wa la mọ̀ pé inú ilé là ń sin àgbà sí. Síbẹ̀ n kò kọ ọ́ sínú ìwé mi.

Mọlémọlé nu ọwọ́ rẹ̀. "Ògiri, n ó tún un mọ. Ìyẹn nìkan ni agbára mi mọ."

Mo sọ fún ìyá pé n kò rà á mọ́. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Ó rọra jókòó sórí ẹní.

"Ẹlòmíràn yóò rà á, Tíṣà. Ẹ̀yin ì bá jẹ́ kí n máa sùn níbí."

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi kò bínú, kò sì sunkún. Ó ní kí n lọ bá onílé wa sọ̀rọ̀ kó tó fi yàrá wa fún ayálégbé tuntun. Mo tún wọ bàtà mi.