Ohun Tí Ìyáálé Mi Tọrọ Lọ́wọ́ Mi

Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, ìyáálé mi kò jẹ oúnjẹ tí mo sè rí. Kì í ṣe pé a ń jà. Iléṣà ni wọ́n ń gbé, aṣọ ni wọ́n ń tà níbẹ̀; èmi wà ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo. Bí wọ́n bá wá, ìrẹsì tiwọn máa ń wà nínú kúlà. Nígbà tí ọkọ wa kú, ìkíni orí fóònù nìkan ló kù láàárín wa.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyáálé mi. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n lò pa kòkòrò rere inú ìfun wọn mọ́ búburú, ni kòkòrò olóríkunkun kan bá gba ibẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru dé. Bí wọ́n bá lo oògùn, á dá. Bí oògùn bá tán, á tún padà. Wọ́n rù títí òrùka fi ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti ìsọ̀ pa.

Dókítà kan ní Òṣogbo ló sọ pé ìtọ́jú kan ṣì kù: kí òun gba ìgbẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le, kí òun pò ó mọ́ omi oníyọ̀, kí òun sẹ́ ẹ, kí òun sì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e sínú ìfun wọn láti ìdí, kí kòkòrò rere lè padà síbẹ̀. Ọmọkùnrin wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn táífọ́ọ̀dù, dókítà kò gbà á. Ọmọbìnrin wọn wà lókè òkun.

Wọ́n pè mí fúnra wọn.

"Ìyàwó, ṣé ara rẹ le?"

"Ó le, mà. Kí ló dé?"

"Ìgbẹ́ rẹ ni mo fẹ́ tọrọ."

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. Wọ́n ṣàlàyé. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. Àwọn gan-an ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín: "Mi ò jẹ ọbẹ̀ rẹ rí, wo ohun tí mo wá ń tọrọ!" A rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ní àwọn ń sáré lọ sílé ìgbẹ́.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀ mi, ó gba ìgbẹ́ mi fún àyẹ̀wò éèdì, mẹ́dọ̀wú àti aràn. Ó bi mí bí ìgbẹ́ mi ṣe ń le tó; ẹnikẹ́ni kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ lo oògùn kankan láìsọ fún òun. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Oníkẹ́mísì àdúgbò wa ti na kápúsù sí mi.

"Rárá," ni mo wí. "Ẹlòmíì ló ni inú mi báyìí."

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ oníyọ̀ ni mo fi ń yọ ẹnu títí ó fi lọ.

Èsì àyẹ̀wò mi dára. Nígbà tí ọjọ́ pé, ìyáálé mi ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ti dá oògùn wọn dúró, wọ́n sì ti mu èyí tó ń fọ inú mọ́. Èmi ni gbogbo wọn ń dúró dè. Mo jókòó sílé pẹ̀lú rọ́bà onídérí tí nọ́ọ̀sì fún mi. Ìgbẹ́ kọ̀, kò wá. Èmi tí kì í yẹ̀ láràárọ̀! Mo mu ògì gbígbóná, mo rìn yí ilé ká. Fóònù dún.

"Ìyàwó, ṣé ó ti dé?"

"Kò tíì dé o, mà. Ẹ má bínú."

"Má kánjú. Mo ń gbàdúrà sí i."

Bóyá àdúrà ni, bóyá ògì ni, ó dé. Mo dérí rẹ̀, mo dì í sínú ọ̀rá méjì, mo wọ kẹ̀kẹ́. Obìnrin tó jókòó tì mí béèrè bóyá mọ́ínmọ́ín ni mò ń tà. Mo ní rárá, ẹrù ilé ìwòsàn ni.

Dókítà gbé e sínú ìfun ìyáálé mi lọ́jọ́ náà, kò sì ṣèlérí pé ẹ̀ẹ̀kan yóò tó. Àmọ́ ìgbẹ́ gbuuru náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù díẹ̀díẹ̀, ó dá, kò sì tíì padà. Ìsọ̀ ti ṣí. Láìpẹ́ yìí, àwa méjèèjì lọ síbi ìsìnkú ìbátan ọkọ wa ní Ìdó-Ọ̀ṣun. Ìwàásù gùn. Ìyáálé mi kò dìde lórí ìjókòó lọ sílé ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi ni oorun gbé lọ. Àwọn ló fi ìgúnpá gún mi pé ó ti kan orin.